Àmín Tí Mo Ṣe Nítorí Adájọ́ Kan

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Kẹsàn-án ọdún 1997, ni ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀, nígbà tí aago méje àbọ̀ ìrọ̀lẹ́ ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Mo mọ àsìkò náà dáadáa nítorí pé èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àdúrà wa, ara iṣẹ́ mi sì ni láti kọ ìgbà tí a bẹ̀rẹ̀ àdúrà sínú ìwé. Mo ti kọ ọ́ tán, mo ti fi bírò sápò, kí n tó di ojú mi.

Ilé Àǹtí Nọ́ọ̀sì ni a wà, ní àjà kejì ilé kan ní Langley Park, ìlú kékeré kan lókè òkun. Bí gbogbo wa ṣe ń pè wọ́n nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nọ́ọ̀sì mẹ́ta mìíràn wà nínú ẹgbẹ́ náà. A kì í ju mẹ́wàá lọ. Lọ́jọ́ Ìsinmi, kálukú á lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tirẹ̀, Mẹ́tọ́díìsì, Áńgílíkà, àti àwọn tó ń pàtẹ́wọ́. Lọ́jọ́ Ẹtì a ó pàdé láti fi Yorùbá gbàdúrà. Alàgbà ló ń darí wa. Ibùdó àwọn ọmọ-ogun òfúrufú lápá Camp Springs ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Wọn kì í ṣe sójà. Àwọn ló ń bójú tó ìwé àwọn ohun èlò tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde. Èmi ni mo kéré jù nínú ẹgbẹ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè ní yunifásítì ní College Park ni, mo sì ń ṣiṣẹ́ ní yàrá ìwádìí kan níbẹ̀. N kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bóyá ìdí tí wọ́n fi mú mi ṣe akọ̀wé nìyẹn.

Kí àdúrà tó bẹ̀rẹ̀, tẹlifíṣọ̀n wà ní títàn. Ìròyìn ń lọ nípa adájọ́ aláwọ̀ dúdú kan tí Ààrẹ ti yàn sí kóòtù ìjọba àpapọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Bí òfin ilẹ̀ náà ṣe là á sílẹ̀, Ààrẹ á yàn, àwọn aṣòfin àgbà á sì dìbò bóyá wọ́n gbà tàbí wọn ò gbà. Ẹgbẹ́ òṣèlú kejì ló pọ̀ jù nílé aṣòfin nígbà náà, wọn ò sì pe ìbò. Wọn ò sọ pé àwọn ò gba ọkùnrin náà. Wọ́n kàn fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ ni. Aṣòfin kan dìde lórí tẹlifíṣọ̀n, ó pe alátakò rẹ̀ ní ọ̀rẹ́ òun àtàtà tí òun bọ̀wọ̀ fún gidigidi. Lẹ́yìn náà ló wá sọ pé ẹni tí ọ̀rẹ́ òun àtàtà ń tì lẹ́yìn jẹ́ adájọ́ tó máa ń fojú àánú wo apànìyàn.

Alàgbà mi orí. "Òótọ́ ló sọ."

"Òótọ́ wo?" Ẹnu ọ̀nà kíṣíìnì ni Àǹtí Nọ́ọ̀sì wà. "Ṣé ẹ ti ka ìwé ẹjọ́ náà ni?"

"Ìwọ ńkọ́, ṣé o ti kà á?"

"Mi ò kà á. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí wọ́n pe ìbò, kí àwọn tó kà á wá sọ tẹnu wọn."

"Sístà, téèyàn bá rí iná lórí òrùlé, kì í dúró máa dìbò."

"Fáìlì ni, Alàgbà, kì í ṣe iná. Fáìlì tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ò lè jó ẹnikẹ́ni."

A rẹ́rìn-ín, àwọn méjèèjì náà rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan pa tẹlifíṣọ̀n. Tó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà parí sí, n kì bá rántí rẹ̀ mọ́ lónìí.

Ẹni tí kò bá dàgbà láàrin wa lè má mọ̀ pé a máa ń fi àdúrà jà. A kì í dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ojú á wà ní dídì, ohùn á sì tutù, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ á máa lọ tààrà síbi tó ń lọ. Ẹni tí à ń bá wí kò lè fèsì, nítorí kì í ṣe òun là ń bá sọ̀rọ̀. Ọlọ́run là ń bá sọ̀rọ̀. Ohun kan ṣoṣo tó kù fún un ni kó dúró títí àdúrà yóò fi kàn án. Àwa yòókù ni adájọ́. Bí Àmín wa bá ṣe ròkè tó ni ìdájọ́ ṣe rí.

Alàgbà ní ká gbàdúrà fún orílẹ̀-èdè tí a wà nínú rẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí Ààrẹ, wọ́n dé orí àwọn aṣòfin, wọ́n wá dé kóòtù. "Olúwa, adájọ́ yòówù tí yóò máa ṣàánú apànìyàn, tí kò ní rántí ẹkún ẹni tí wọ́n pa èèyàn rẹ̀, má jẹ́ kó jókòó sórí àga yẹn. Àti gbogbo ẹni tó ń gbè é lẹ́yìn láìmọ ohun tí wọ́n ń ṣe, là wọ́n lójú."

Mo ní, "Àmín!"

Ohùn mi ló ròkè jù. Mo ti gbé e yẹ̀ wò lọ́pọ̀ ìgbà láti ìgbà náà, n kò sì rí ìdí mìíràn ju pé ó ti mọ́ mi lẹ́nu láti kékeré. Ọwọ́ ọ̀tún Alàgbà ni mo jókòó sí, àdúrà dúró díẹ̀, mo sì dí àlàfo náà bí ìgbà tí èèyàn ń dáhùn ìkíni. Lẹ́yìn tó ti jáde tán ni mo tó gbọ́ ohun tí mo ṣe Àmín sí.

Àdúrà kan Àǹtí Nọ́ọ̀sì. Wọ́n ní, "Olúwa, ìwọ tí kì í fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Gbogbo ẹni tó gbé ọ̀rọ̀ ayé ọmọlọ́mọ sínú kọ́bọ́ọ̀dù, tó ti í pa, tó wá ń fi ìwà pẹ̀lẹ́ bojú, jẹ́ kí wọ́n mọ bí ó ṣe rí kéèyàn máa dúró."

Lọ́tẹ̀ yìí, mo ti wà lójúfò. Mo rò ó kí n tó sọ ọ́, Àmín tí mo sì ṣe kò ju kẹ́lẹ́ lọ. Ibẹ̀ ni mo ti ṣẹ̀. Ká ní mo pariwo méjèèjì, Ẹ̀mí Mímọ́ ni wọn ì bá pè é. Ká ní méjèèjì ló jẹ́ kẹ́lẹ́, ìtìjú ni. Ọ̀kan ròkè, ọ̀kan lọ sílẹ̀: ìbò nìyẹn, gbogbo ilé ló sì gbọ́ ọ.

Nígbà tí àdúrà parí, Àǹtí Nọ́ọ̀sì gbé tíì àti ṣinṣín kiri. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ mi, wọ́n ní, "Gbà, ìwọ alátìlẹ́yìn. Jẹ ẹ́ dáadáa kí ohùn má baà há." Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Wọ́n wá yíjú sí Alàgbà pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ kan náà. "Alàgbà, ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu lọ́jọ́ Ajé. Èmi tí ojú mi fọ́, mo máa táràrà dé ibi iṣẹ́."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín sí ìyẹn.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé ohun tí gbólóhùn náà lè mú dání. Oṣù karùn-ún Àǹtí Nọ́ọ̀sì nìyẹn nínú oṣù mẹ́fà ìdánwò tí wọ́n fi ń wo òṣìṣẹ́ tuntun ní ọsibítù kan ní apá gúúsù káńtì, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ tí a ń gbé. Aago méje àárọ̀ ni iṣẹ́ ń bẹ̀rẹ̀. Wọn ò ní mọ́tò, wọn ò sì tíì lè wakọ̀, kò sì sí bọ́ọ̀sì tó lè gbé èèyàn láti Langley Park dé ọ̀hún kí aago méje tó lù. Lóṣù àkọ́kọ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n pẹ́. Ọ̀gá wọn pè wọ́n jókòó, ó ní ẹ̀ẹ̀kẹta ni òpin. Láti ìgbà náà ni Alàgbà ti ń dúró nísàlẹ̀ ilé wọn ní aago mẹ́fà ku ogún ìṣẹ́jú, nítorí pé ọsibítù náà wà lójú ọ̀nà ibi iṣẹ́ tiwọn. Alàgbà kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn rí. Bí iṣẹ́ náà bá sì bọ́, ìwé tí Àǹtí fẹ́ fi mú ọmọbìnrin wọn wá láti Ìbàdàn bọ́ nìyẹn, nítorí ìjọba ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi ẹ̀rí iṣẹ́ tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ hàn. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ọmọ náà nígbà tí wọ́n fi í sílẹ̀. Ó ti di mẹ́rìnlá.

Ní alẹ́ ọjọ́ Ajé, mo fóònù Àǹtí Nọ́ọ̀sì.

"Ẹ káalẹ́ mà. Ṣé ẹ tètè dé ibi iṣẹ́ lónìí?"

"Ọlọ́run ló ṣe é. Ẹnì kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ wá gbé mi. Ó ti lọ fún ìsinmi báyìí. Ọ̀la kì í ṣe ọjọ́ tèmi."

"Ọjọ́rú ńkọ́ mà?"

"Mo máa pe takisí. Kí ló kàn ọ́ níbẹ̀? Ṣebí o ti dìbò."

Mo ní mi ò dìbò. Mo ṣàlàyé bí Àmín náà ṣe jáde. Mo gbọ́ tí wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n sì sọ ohun tí n kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ fún mi. Nígbà tí wọ́n dé ilẹ̀ yìí, wọ́n fi ìwé ẹ̀rí nọ́ọ̀sì wọn ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì kan láti gba àṣẹ iṣẹ́. Ó lé ní ọdún méjì tí wọ́n fi dúró, tí wọ́n ń wẹ àwọn arúgbó, tí wọ́n ń pààrọ̀ bẹ́ẹ̀dì. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fóònù ọ́fíìsì náà, àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ á dá wọn lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n á ní ìwé wọn wà níbẹ̀, pé àwọn ń wò ó.

"Ká ní wọ́n ní rárá," ni Àǹtí wí, "ǹ bá ti lọ kọ́ nǹkan míì. Èèyàn lè gbé pẹ̀lú rárá. Wọn ò sọ ọ́. Ẹ̀rín ni wọ́n ń rín sí mi."

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn iṣẹ́, mo rìn lọ sílé Alàgbà lẹ́yìn yunifásítì. Wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò sílẹ̀, wọ́n ń da omi sí i.

"Ẹ kúùrọ̀lẹ́ sà."

"Akọ̀wé! Ìwé ìpàdé lo gbé wá ni?"

"Rárá sà. Àmín tí mo ṣe lọ́jọ́ Ẹtì ni mo bá wá. Mi ò ní in lọ́kàn bẹ́ẹ̀."

Wọ́n gbé orí sókè. "Ṣé o fẹ́ gbà á padà lọ́wọ́ Ọlọ́run ni?" Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé omi dà sí bàtà wọn.

Mo ní ohun tó jẹ mí lógún ni Ọjọ́rú. Ẹ̀rín náà lọ. Wọ́n pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé. "Ó ní kí n má wá. Níwájú gbogbo èèyàn. Ṣé kí n wá lọ máa kanlẹ̀kùn rẹ̀ ni?"

Mo sọ fún wọn pé mo ti lọ ka ìwé ìròyìn méjì ní ilé ìkàwé nípa adájọ́ náà. Ọ̀kan ní ó rọ̀ jù, ọ̀kan ní òfin ló tẹ̀ lé. Kò sí èyí tó tẹ ìdájọ́ náà fúnra rẹ̀ jáde nínú méjèèjì, nítorí náà n kò lè sọ ẹni tó ń sọ òótọ́. Mo rò pé inú á bí wọn. Wọ́n kàn jókòó sórí àtẹ̀gùn ni.

"Àbúrò mi wa takisí nílùú yìí," ni wọ́n wí. "Wọ́n yìnbọn pa á nítorí owó tí kò tó ra oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan. Wọ́n mú ẹni tó ṣe é. Adájọ́ dín ọdún ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kù, ó ní ọmọdé ni. Ó ti jáde. Mo mọ̀ pé adájọ́ yìí kọ́ ni. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n bí aṣòfin yẹn ṣe la ẹnu, ojú àbúrò mi ni mo rí."

"Ṣé Àǹtí mọ̀ sà?"

"Ta ló máa sọ fún un? Ṣé lójú títì Beltway ni mo ti máa sọ ọ́?"

Oṣù mẹ́rin ni wọ́n fi jọ wà nínú mọ́tò kan náà ní àràárọ̀. Àǹtí kò sọ ti ìwé wọn tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù fún Alàgbà, Alàgbà kò sì sọ ti takisí fún wọn.

Mo bẹ Alàgbà pé kí wọ́n kàn pe Àǹtí lórí fóònù. Wọ́n kọ̀. Wọ́n ní ẹni tó bá kéré ló ń kọ́kọ́ kí àgbà. Mo béèrè bóyá ó dá wọn lójú pé àwọn ni àgbà, ní ti ọjọ́ orí.

"Ìbéèrè yunifásítì nìyẹn. Ọdún tí omi gbé afárá lọ ni wọ́n bí mi."

Àǹtí Nọ́ọ̀sì ti sọ fún wa rí pé ìyá àwọn pọ̀n wọ́n kọjá lórí afárá kan ní Ìbàdàn kí omi tó gbé e lọ. Bó bá jẹ́ afárá kan náà ni, Àǹtí ni àgbà. Ṣùgbọ́n afárá tí omi ti gbé lọ ní Ìbàdàn kì í ṣe ọ̀kan, ẹ̀rí tí mo ní kò sì tó láti fi ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́ sí i. Mo kí wọn, mo lọ. Wọn ò ṣe ìlérí kankan fún mi.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú, aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, mo wà nísàlẹ̀ ilé Àǹtí Nọ́ọ̀sì. N kò ní ètò kankan. Ó kàn dà bíi pé ẹni tó bá bá wọn da nǹkan rú kò yẹ kó wà lórí ibùsùn. Òjò ti rọ̀ díẹ̀, ilẹ̀ tutù. Àwọn ọkùnrin tó ń lọ síbi iṣẹ́ ilé kíkọ́ ń kọjá pẹ̀lú oúnjẹ ọ̀sán wọn lọ́wọ́. Àǹtí ti wà lórí àtẹ̀gùn nínú aṣọ iṣẹ́ funfun, wọ́n ń wo ọ̀nà.

"Takisí ní òun ń bọ̀ láti aago márùn-ún àbọ̀," ni wọ́n wí. Wọn ò béèrè ohun tí mo wá ṣe.

Lẹ́yìn ìṣẹ́jú bíi mẹ́wàá, mọ́tò Alàgbà yà wọlé. Wọ́n dúró síbi tí wọ́n máa ń dúró sí. Wọ́n fun fèrè lẹ́ẹ̀kan.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì ò mira. "Ta ni wọ́n ń fun fèrè fún? Sọ fún wọn pé ewúrẹ́ kọ́ ló wà níbí."

Mo lọ síbi fèrèsé mọ́tò. "Ẹ káàárọ̀ sà. Wọ́n ní kí ẹ kí wọn."

"Mo fun fèrè."

"Fèrè kì í ṣe ìkíni sà."

"Tó bá kí mi, màá dáhùn. Mo ti jí, mo ti wá, kí ló tún kù?"

Mo padà. Àǹtí ní ẹni tó bú èèyàn níwájú Ọlọ́run ló yẹ kó kọ́kọ́ la ẹnu. Aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí wọ́n bá fi lè kọjá mẹ́fà kí wọ́n tó gbéra, mọ́tò á ti pọ̀ lórí Beltway. Mo wo Àǹtí, wọ́n di báàgì wọn mú gírígírí, ojú wọn ò sì kúrò lára aago ọwọ́ wọn. Mo wo Alàgbà, ọwọ́ wọn méjèèjì wà lórí sitiárì, wọn ò pa mọ́tò. Ó hàn sí mi pé àwọn méjèèjì fẹ́ lọ, pé ọ̀rọ̀ ẹnu kan péré ló ṣẹ́ kù, kò sì sẹ́ni tó lè sọ ọ́.

N kì í ṣe ẹni tó ń ṣe irú ohun tí mo ṣe. Láàrin àtẹ̀gùn àti mọ́tò, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ ọlọ́dà tútù yẹn nínú ṣẹ́ẹ̀tì tí mo fẹ́ wọ̀ lọ síbi iṣẹ́. "Èmi ni mo ṣẹ̀," mo ní. "Ẹ jọ̀ọ́ mà. Ẹ jọ̀ọ́ sà."

Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ tó ń kọjá sáré wá, ó fọwọ́ kàn mí léjìká, ó ń fi èdè Sípáníìṣì bi mí bóyá ara mi dá. Mo gbọ́ tí ilẹ̀kùn mọ́tò ṣí. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.

"Dìde, dìde!" Àwọn méjèèjì ló sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ilẹ̀ tutù, ọmọ yìí!" ni Àǹtí Nọ́ọ̀sì wí. "Alàgbà, ẹ wo aṣọ ẹ̀."

"Mo rí i. Ó ti bà á jẹ́."

"Kò sì ní ju méjì lọ."

"Ó ní ìkan aláwọ̀ ewé."

"Ìyẹn náà ti gbó."

Mo dìde. Kò sẹ́ni tó wo ojú mi. Àǹtí ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, kì í ṣe ti iwájú tí wọ́n máa ń jókòó sí, wọ́n sì wọlé. Alàgbà náà wọlé. Fèrèsé ṣì wà ní ṣíṣí, mo sì gbọ́ èyí pẹ̀lú etí ara mi:

"Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí wọ́n pe ìbò o, Alàgbà."

"Kí wọ́n pè é! Kí wọ́n pè é, kí wọ́n dìbò kọ̀ ọ́!"

"Ẹ̀n-ẹ́n! Kí wọ́n kọ̀ ọ́ lójú ara rẹ̀! Ohun tí mo ń sọ láti ọjọ́ Ẹtì nìyẹn!"

"Ìwọ ò sọ bẹ́ẹ̀."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀!"

Mọ́tò jáde sójú títì ní aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú mẹ́rin. Mo ṣì ń rí ọwọ́ Àǹtí lẹ́yìn orí Alàgbà, tó ń lọ sókè, tó ń lọ sílẹ̀.

N kò mọ ohun tí wọ́n sọ títí wọ́n fi dé ọ̀hún. N kò mọ̀ bóyá Alàgbà sọ ti àbúrò wọn, tàbí bóyá Àǹtí sọ ti ọdún méjì náà. N kò béèrè, wọn kò sì sọ fún mi. Ní ti adájọ́ náà, mo ń wá orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn fún ìgbà díẹ̀. Títí mo fi kó kúrò ní káńtì náà ní ọdún tó tẹ̀ lé e, n kò rí i kà pé wọ́n pe ìbò.

Ohun tí mo lè jẹ́rìí sí kò ju èyí lọ. Ní ọjọ́ Ẹtì kan nínú oṣù Kọkànlá, ṣáájú àdúrà, Àǹtí Nọ́ọ̀sì fi lẹ́tà kan láti ọsibítù lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní kí n kà á sókè nítorí pé awò ojú wọn wà nínú yàrá. Alàgbà jókòó ní òdìkejì, wọ́n ń ka Bíbélì wọn. Ìpínrọ̀ kejì lẹ́tà náà sọ pé ìgbà ìdánwò ti parí, pé àkọsílẹ̀ fi hàn pé wọn kò pẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i láti oṣù kejì, àti pé wọ́n ti gbà wọ́n síṣẹ́ títí lọ.